Ìrànlọ́wọ́ fún Ọmọ Hyttinen

Ó ti pẹ́ tí Reijo ti ní ilé ìsinmi létí adágún omi kan, ṣùgbọ́n kò kí Hyttinen tí ilé wọn jọ fara kanra rí. Ọkùnrin tí kò lè kun ilé ara rẹ̀ lọ́dà, kí lèèyàn fẹ́ bá a sọ?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní ìparí oṣù Kẹjọ, obìnrin kan kan ilẹ̀kùn Reijo. Ó ní Saila lòun ń jẹ́, ọmọ Hyttinen.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí kọ̀ǹpútà Dádì máa lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù mi, kò gbà. Wọ́n rìnrìn àjò, wọ́n ní kí n bá wọn ta ọkọ̀ ojú omi wọn, orí kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ni wọ́n ti ń polówó ọjà."

"Irú kọ̀ǹpútà wo?"

"Mi ò mọ̀ o. Wọ́n kọ Linux sí i lára."

Reijo bú sẹ́rìn-ín. "Kò lè kun ilé, Linux tí àwọn ọ̀jẹ̀ oníkọ̀ǹpútà ń lò ló ń lò!"

Ó tẹ̀ lé e lọ. Reijo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Saila wọ tirẹ̀ dé àárín ilé. Reijo wo bàtà náà, ó yínmú. Kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́ta ni Saila ṣí kó tó rí ife tí yóò fi bu kọfí fún un.

"Ilé bàbá rẹ lo ò mọ̀ báyìí?"

"Ìlú ni mò ń gbé, bàbá. N kì í sábà wá."

"Ó hàn. Ẹ̀yin ará Helsinki, bí ife bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ ó ṣì máa wá a kiri."

Ó jókòó. Fóònù ń gba iná lára kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé fóònù wà níbẹ̀.

"Iná nìkan ni wáyà yìí ń gbé, kò lè gbé nǹkan mìíràn. Ọmọdé mọ ìyẹn."

Ó lọ mú wáyà tirẹ̀ wá. Ó gba fóònù, ó tan ibi tí ó ti ń pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì gba ojú wáyà.

"O ò tiẹ̀ tan án!"

"Mi ò mọ̀, bàbá."

"Kí lo wá mọ̀?"

Kọ̀ǹpútà rí fóònù wàyí, síbẹ̀ kò so mọ́ ọn. Reijo ṣí ojú dúdú tí wọ́n ti ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ó pa ètò tó ń darí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó tún gbé e dìde. Àmì ìsopọ̀ yọ.

"Ẹ ṣeun gan-an, bàbá."

"Má dúpẹ́. Kọ́ ọgbọ́n."

Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó ra ọkọ̀ gbé tírélà dé. Òun àti Saila kò mọ bí wọ́n ṣe ń fà á jáde lómi, ni Reijo bá tún bọ́ síbẹ̀, ó bá wọn fà á, ó sì bú àwọn méjèèjì.

Ní Sátidé, Hyttinen àti ìyàwó rẹ̀ kan ilẹ̀kùn Reijo, wọ́n ní ẹnì kan ti gba fèrèsé ẹ̀yìn wọlé àwọn, ọkọ̀ àwọn kò sì sí mọ́, nígbà tí Reijo sì ní ṣebí ọmọ yín ló tà á, ìyàwó Hyttinen wò ó títí, ó ní, "Ọmọ wo? Àwa ò bímọ rí."