Baba Tó Ń Gba Ọ̀rọ̀ Lẹ́nu Ọmọ

Olúmúyìwá, ọ̀gá báńkì kan lójú ọ̀nà Ekenwan ní ìlú Benin, ní ìwà burúkú kan: kì í jẹ́ kí ará ilé rẹ̀ fi ẹnu ara wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, Morọ́láyọ̀, ọmọ wọn kan ṣoṣo, bú sẹ́kún. Baba ní, "Ilé onígbàgbọ́ nìyí. Màmá ẹ ti lọ sinmi. Nu ojú ẹ nù." Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyá rẹ̀! Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbàlagbà.

Kò pẹ́ tí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í run Morọ́láyọ̀ láràárọ̀. Ó lo oògùn aràn, ó lo oògùn ọgbẹ́ inú, wọ́n yẹ ikùn rẹ̀ wò títí, wọn ò rí nǹkan kan. Ọdún yípo, inú ò yéé run. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ Rẹ̀mílẹ́kún, dókítà tó ń tọ́jú inú àwọn ọmọdé.

Dókítà bi ọmọ pé, "Ṣé ò ń rí oorun sùn? Ṣé nǹkan kan ń bà ẹ́ nínú jẹ́?"

Kí ọmọ tó la ẹnu, baba ti fèsì. "Ó ń sùn dáadáa. Kò sí ohun tó ń bà á nínú jẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, gbogbo ọmọ tí inú bá ti ń run tipẹ́ la máa ń bi báyìí, òbí wọn á sì dúró síta díẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Inú ń run ún lóòótọ́, ọkàn náà sì lè máa dùn ún."

"Ọkàn kẹ̀? Ṣé wèrè lẹ fẹ́ pe ọmọ mi ni? Kí ni wọ́n á sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì?" Ó fa ọmọ lọ́wọ́, ó di ilé.

Ojú ayé ló ń wò, kò wo ojú ọmọ. Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó mú un lọ síwájú ìjọ pé kó wá jẹ́rìí pé Ọlọ́run ti wò ó sàn. Morọ́láyọ̀ di máìkì mú, ọ̀rọ̀ ò jáde. Baba gba máìkì, ó bá a jẹ́ ẹ̀rí irọ́ náà, ìjọ sì pàtẹ́wọ́. Inú mi kì í dùn tí mo bá rántí àtẹ́wọ́ yẹn. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ ti kọ oúnjẹ, ó rù kan eegun, títí ó fi dákú nílé ìwé.

Títílayọ̀, àbúrò baba tó ń ṣe olùkọ́ ní Ekiadolor, ló gbé e padà sọ́dọ̀ dókítà. Olúmúyìwá sáré dé, ó fẹ́ wọlé.

Morọ́láyọ̀ gbórí sókè. "Doctor, abeg, make Daddy no enter. I go talk."

Ìta ni baba jókòó sí. Ó ń gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, wọn ò sì ṣí i fún un.

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ara ọmọ ti ń yá, ó ti ń jẹun, ṣùgbọ́n ó kọ̀ jálẹ̀ láti padà sọ́dọ̀ baba rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ ló ń gbé. Bí Olúmúyìwá bá lọ kí i, ọmọ á kúnlẹ̀, á ní, "Good afternoon, sir." Bí baba bá bi í bóyá inú ṣì ń run ún, ojú Títílayọ̀ ni ọmọ máa ń wò, kó bá òun dá baba lóhùn.

Kí gbogbo òbí gbọ́ o: inú rírun tí kò gbóògùn lè jẹ́ ẹkún tí a kò jẹ́ kí ọmọ sun. Bí dókítà bá fẹ́ yẹ ọkàn ọmọ wò, kò pe ọmọ ní wèrè. Ẹ bọ́ síta, ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá pa ọmọ rẹ̀ lẹ́nu mọ́ nítorí ojú ayé, ayé kò ní bá a wá ohùn ọmọ náà padà.