Ọkùnrin Tó Lọ Sókun Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀," olùkọ́ lítíréṣọ̀ wí, tòun ti ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. "Apẹja inú ewì yìí tu ọkọ̀ lọ sókun lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò sì padà. Òkun dúró fún ikú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò dúró fún nǹkan kan."

Ẹ̀rín sọ ní kíláàsì. Ẹnì kan kùn lẹ́yìn pé, "Ará Kùmásì mà ni wọ́n, níbi tí kò sí òkun!"

Araba, ọmọ apẹja, dìde. "Ẹ má bínú, Mà. Ní Moree níbí, a kì í pẹja lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Òkun ló ni ọjọ́ yẹn."

"Bóyá ọkùnrin náà gbàgbé ni."

"Ta ló máa gbàgbé, Mà? Gbogbo apẹja ló ń jókòó sétí òkun tún àwọ̀n ṣe. Ẹni tó bá tu ọkọ̀ jáde lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe ẹja ló ń wá. Kò fẹ́ padà wálé ni."

Ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ olùkọ́. Òkun Moree yìí náà ló gbé bàbá rẹ̀ lọ, nígbà tí òun ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. "Ẹja ni bàbá ẹ lọ pa, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan," ni ìyá rẹ̀ máa ń sọ ní Kùmásì. Nítorí ẹ̀ ló ṣe yan ewì náà.

"Mà, kí ni ká wá kọ?" Araba bèèrè.

Olùkọ́ kọjú sí fèrèsé. Àwọ̀n kan ṣoṣo tí bàbá rẹ̀ ní, tí kò gbé dání lọ́jọ́ náà, ló wà lójú rẹ̀, bó ṣe ń rọ̀ lára ògiri yàrá ìyá rẹ̀ títí dòní, tí gbogbo ibi tó ya lára rẹ̀ ti di títúnṣe.