Kọ́kọ́rọ́ Mọ́tò Harlan Teasdale

Ní ayé kan tó ti rékọjá, tí a kò ní ka ọdún rẹ̀, bàbá arúgbó kan ń gbé létí òkun Amẹ́ríkà, Harlan Teasdale lorúkọ rẹ̀. Nígbà èwe rẹ̀, ó jẹ́ awakọ̀ bàlúù fún àwọn ológun ojú omi, àwọn tí ń gbéra lórí ọkọ̀ láàárín agbami, tí wọ́n sì tún ń padà wá balẹ̀ sórí rẹ̀. Ogun ti parí tipẹ́. Àwọn ọkọ̀ gàgàrà wọ̀nyẹn ti fẹ̀yìn tì sí èbúté, àwọn èèyàn sì ń wá wò wọ́n.

Lọ́jọ́ tí Harlan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ pàdé lórí ọkọ̀ wọn àtijọ́, Corinne ọmọ rẹ̀ na ọwọ́ sí i.

"Bàbá, ẹ kó kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wá. Èmi ni n ó gbé yín lọ."

"Ìwọ? Èmi tí mo máa ń balẹ̀ sórí ọkọ̀ nínú òjò, nínú òkùnkùn biribiri! Ṣé ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ èbúté bí ewúrẹ́ ló máa wá ṣòro fún mi?"

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ fi mọ́tò wó ọgbà aládùúgbò."

"Ọgbà yẹn ló yọ sọ́nà."

Corinne rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. N ó ṣáájú yín lọ. Bí ẹ bá bá mi níbẹ̀ láìsí ẹni tó ràn yín lọ́wọ́, n kò ní bèèrè kọ́kọ́rọ́ yẹn mọ́ láé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó fi lé mi lọ́wọ́, ó parí."

"Mo gbà."

Harlan dé fìlà tí wọ́n kọ orúkọ ọkọ̀ rẹ̀ sí níwájú, ó sì rọra wa mọ́tò gba etí òkun. Kò kọ lu ẹnikẹ́ni. Nígbà tó rí ọkọ̀ ogun gàgàrà kan lókèèrè, ayọ̀ rẹ̀ pọ̀ débi pé ó fọn fèrè mọ́tò.

Dewitt Bosko, ológun àtijọ́ tí ń gba àlejò níbẹ̀, pàdé rẹ̀ nídìí àtẹ̀gùn. Ó wo fìlà rẹ̀, ó tún un wò, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Awakọ̀ bàlúù ni yín, Bàbá?"

"Ògbólógbòó!"

"Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá, kí wọ́n bá yín gbé mọ́tò sí ibòji."

Dewitt gba kọ́kọ́rọ́, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sétí ọkùnrin méjì. Àwọn yẹn lọ, èjìká wọn ń mì fún ẹ̀rín.

Wọ́n mú Harlan gòkè, wọ́n lu agogo fún un. Tọmọdé tàgbà dìde. Obìnrin kan tó gbé ọmọ dání di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ jà fún wa." Omi lé sójú arúgbó náà. Wọ́n gbé e jókòó sínú bàlúù àtijọ́ kan, wọ́n gbé kọfí àti páì èso ápù fún un. Ó ń jẹ, ó ń ròyìn àdéhùn òun àti Corinne ọmọ rẹ̀; Dewitt sì fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí àwọn ọkùnrin méjì yẹn nísàlẹ̀.

"Ó yẹ kó ti dé," ni Harlan wí. "Ó ti ṣìnà. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí!"

"Wọn ò mọ ọ̀nà rárá," ni Dewitt dáhùn, ó sì wúkọ́.

"Àwọn ẹgbẹ́ mi ńkọ́?"

"Ẹ máa tó rí wọn. Ẹ fi páì kún un."

"Apá òsì ni àtẹ̀gùn yìí wà nígbà tiwa."

"Àwọn alátùn-únṣe, Bàbá. Wọn kì í fi nǹkan sílẹ̀."

Nígbà tó yó tán, gbogbo wọn sìn ín dé ilẹ̀, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n kí i bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gágun. Harlan náà kí wọn padà, ó sì kọjú sí mọ́tò rẹ̀.

Láti imú mọ́tò náà dé ìdí ni wọ́n ti fi ọ̀dà kọ̀wé sí i, gẹ́gẹ́ bí àwọn ológun ojú omi ti máa ń ṣe sí bàlúù ẹni tó bá ṣèèṣì balẹ̀ sórí ọkọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, kí wọ́n tó dá a padà sílé: "Ẹ KÁÀBỌ̀, ÒGBÓLÓGBÒÓ! ỌKỌ̀ TIYÍN WÀ NÍ ÈBÚTÉ KEJÌ. Ẹ KÓ KỌ́KỌ́RỌ́ FÚN CORINNE."

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́, kí ilé yín tùbà tùṣẹ, kí àwọn ọmọ yín sì máa dúró dè yín níbi tí ẹ ń lọ ní àlàáfíà.