Ẹ̀rọ Aboyún

Léon ń yínmú sí ẹ̀rọ ekografí tí wọ́n fi ń wo inú ikùn. Dókítà fẹ́ fi wò ó bóyá jẹjẹrẹ inú ìfun ti ràn dé ẹ̀dọ̀.

"Ẹ̀rọ aboyún lásánlàsàn! Ní Paris, ẹ̀rọ ńlá sikánà ni wọ́n ń lò."

"Bàbá Geneviève, ẹ jọ̀ọ́," ni Àpọ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ wí.

"Dákẹ́ jàre! Ṣé òwú oko yín ní Datcha ni sikánà, tí ìwọ fi máa mọ̀ ọ́n?"

Dókítà kò gbójú kúrò lára ẹ̀rọ.

"Òótọ́ ni, Mùsíyè. Sikánà máa ń rí èyí tó kéré gan-an."

"Àpọ̀kẹ́, ṣé o gbọ́?"

"Ṣùgbọ́n èyí tí mò ń wò yìí kò kéré."



Àpọ̀kẹ́ tú ìborùn rẹ̀. Ó rọra fi nu òróró tútù tí dókítà fi pa á kúrò ní ikùn ọkọ rẹ̀.