Ohun Tí Àríkẹ́ Rí Níbi Ìpàtẹ Àgbẹ̀

Nírọ̀lẹ́, èrò pọ̀ níbi ìpàtẹ àgbẹ̀ débi pé èmi àti Àríkẹ́, ọmọ wa, wá ọkọ mi tì. Ìgbà tó yá, ó yọ láàárín àwọn tó ń wo iṣu tó gbẹ̀bùn, ó di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ ẹ̀ tutù. Mo bi í pé níbo ló wọlé sí, ó kàn ń rẹ́rìn-ín.

Àríkẹ́ dorí kodò, ó ń ti àárín ẹsẹ̀ ara ẹ̀ wo èrò. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jà á rí àwọn tí kì í ṣe èèyàn.

"Dìde ńbẹ̀ yẹn."

"Mọ́mì, ẹsẹ̀ Dádì ò kanlẹ̀."

Kí n tó bá a wí, gbohùngbohùn ké: "Ìyá Àríkẹ́, ọkọ yín ń dúró dè yín lẹ́nu géètì."

Ọwọ́ tútù náà fún tèmi pinpin.