Ohun Tó Wà Lábẹ́ Ẹ̀rọ Ìṣirò

Kí aránṣọ tó yíjú kúrò lẹ́nu máṣíìnì, fóònù rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin.

“Mo fẹ́ fi ṣírò ọ̀pá aṣọ ni,” ni ẹ̀gbọ́n ọkọ wí, ó sì tẹ àwòrán ẹ̀rọ ìṣirò.

Ojú lásán ni ẹ̀rọ ìṣirò yẹn; áàpù mìíràn ló fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni aránṣọ ń tọ́jú ọjọ́ nǹkan oṣù rẹ̀ àti ti abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí sí. Ìbímọ tó kẹ́yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀, síbẹ̀ ọkọ rẹ̀ ti búra pé obìnrin tó bá ń dènà ọmọ kò ní sun ilé òun mọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é.” Ó na ọwọ́ sí fóònù náà.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ dìde, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

“Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ìwọ náà ní in ni. Ọkọ rẹ rí irú ẹ̀ lórí fóònù mi láàárọ̀ yìí, ó sì bi mí títí mo fi jẹ́wọ́ ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀. Ó ti dá àwòrán ẹ̀ mọ̀ báyìí. Pa á rẹ́ kó tó dé.”

Ẹnìkan gbá ilẹ̀kùn.

“Ta ló tilẹ̀kùn mọ́rí lọ́sàn-án gangan?” Ohùn ọkọ rẹ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ ki fóònù náà bọ àyà.

“Èmi ni,” ó dáhùn. “Aṣọ ni mò ń wọ̀ wò.”