Awọ Màlúù Opó

Ẹni tó bá jí màlúù, ẹran ló yẹ kó jẹ kó panu mọ́. Orímisàn apẹja kò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Abo màlúù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ló jí pa lọ́wọ́ opó àdúgbò, ó sì fi awọ rẹ̀ bo ọkọ̀ ojú omi tó fi ọparun hun.

Nírọ̀lẹ́, bó ṣe ń fi àdí pa awọ náà kí omi má baà wọlé, ìyàwó rẹ̀ figbe ta: "Bàbá Múyìwá, ó tún ti hu irun!"

"Bá mi fá a dànù!"

Wọ́n fá a. Ó tukọ̀ lọ.

Láàárín odò, awọ tó jókòó lé gbóná, ó ń lọ sókè sódò bí àyà ẹni tó ń mí. Okùn tó fi rán an bẹ̀rẹ̀ sí í tú fúnra rẹ̀.

Létí odò, ọmọ màlúù opó náà ké.

Abẹ́ ìdí Orímisàn ni ìyá rẹ̀ ti dá a lóhùn.